Yíyan Kọ́ Ni Jíjó

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ níwájú mi pé igi tí mo yan "ti jóná", màá dìde kúrò níbẹ̀. Mo ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé, mo ti jà lórí rẹ̀ ní ojúde, mo ti jà lórí rẹ̀ ní ilé búrẹ́dì, ó sì ti sú mi. Ẹja tí wọ́n yan, wọn kì í pè é ní ẹja tó jóná. Ẹ̀pà tí wọ́n yan, ẹ̀pà yíyan ni. Gàrí tí gbogbo wa ń mu ní Ìwó níbí, yíyan ni wọ́n yan án, n kò sì tíì rí ẹni tó jókòó ti abọ́ gàrí tó ń sọ pé òun ń mu ẹ̀gẹ́ tó jóná. Àmọ́ kí n yan igi, kí àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀, ó parí. Ó ti jóná nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló fẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi, bí mo sì ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú náà kò tíì rọ̀.

Tíṣà ni mí. Iṣẹ́ igi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan nínú ìlú. Obìnrin sì ni mí, nítorí náà ẹ lè fojú inú wo ẹ̀fẹ̀ tí mo ti gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti gbé ayùn àti òòlù dání. Àwọn ọlọ́kadà tó mọ̀ mí ń pè mí ní Àǹtí Kápẹ́ńtà. Ìyẹn ò bí mi nínú, nítorí òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ìyá mi ń yan gàrí láti ìgbà tí mo ti mọ ara mi. Ẹ̀yìn ilé ni ààrò rẹ̀ wà, lábẹ́ àtíbàbà páànù, pẹ̀lú agbada irin fífẹ̀ kan tí èéfín ti sọ di dúdú kirikiri nísàlẹ̀, tí inú rẹ̀ sì ń dán. Gàrí rẹ̀ máa ń gbẹ dénú, ó máa ń kan díẹ̀, kì í ní ìdọ̀tí. Àwọn èèyàn ń ti Ilé-Ogbó àti Olúpọ̀nnà wá rà á, wọ́n á sì dúró tí kò bá tíì kúrò lórí iná. Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́ lọ́wọ́ tán, a sọ fún un pé kó sinmi. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún agbada gbé kaná. Kì í ṣe owó ló ń wá níbẹ̀ mọ́. Ìdí ààrò yẹn ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ń bá a jókòó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà ara wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tó ṣe Hájì dé. Bí àìsàn bá ká a mọ́lé tí kò yan gàrí fún ọjọ́ mélòó kan, ńṣe ni yóò kọjú sí ògiri, kò sì ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìtọ̀ ṣúgà ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ń lo oògùn, ó ń ṣọ́ oúnjẹ, síbẹ̀ àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, lẹ́yìn náà ó dé ìka ọwọ́. Ọwọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Ó lè di nǹkan mú, ó lè so ìdí àpò, ó lè ka tẹsùbáà. Ṣùgbọ́n kò mọ gbígbóná mọ́, kò sì mọ tútù. Dọ́kítà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa dáadáa: iná lè jó o, kò ní mọ̀ títí ojú rẹ̀ á fi rí i.

Àfọ́kù igbá ni àwọn tó ń yan gàrí lọ́dọ̀ wa fi ń yí i nínú agbada. Igbá kò ní ọwọ́ tí èèyàn ń dì mú, nítorí náà ìka máa ń sún mọ́ irin. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yè, bí ooru bá ti kàn án, á fà á sẹ́yìn kó tó ronú kàn án. Ọwọ́ ìyá mi kì í fà sẹ́yìn mọ́. Mo ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a lórí àpótí rẹ̀, ẹ̀yìn ìka rẹ̀ ti lé ròrò, òun sì jókòó, ó ń ròyìn fún mi bí òjò ṣe fẹ́ẹ̀ ba ẹ̀gẹ́ tó sá síta jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní bánkì kan ní Òṣogbo. Àwa méjì náà ni ìyá wa bí. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dé ní Sátidé, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà, ó mi orí.

"Ìyá ò ní yan gàrí mọ́," ó wí. "Ọ̀rọ̀ ti tán lórí ìyẹn."

Èmi ló kọjú sí tó fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ Ìyá jókòó sáàárín wa.

"Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè," mo sọ. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe nǹkan tí wọ́n á máa fi yí i, tí ọwọ́ wọn ò fi ní dé ìdí agbada rárá."

"Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

"Igi ni, sà."

Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ kànga. Ó ní ó dáa, kí n gbìyànjú, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ Ìyá bá tún bó lẹ́ẹ̀kan sí i, òun fúnra òun ló máa wó ààrò náà.

Mo gbẹ́ igi náà láti ara pákó melína. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ pẹlẹbẹ, ọrùn rẹ̀ gùn, bí àjẹ̀ tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fi ń tukọ̀. Inú mi dùn sí i. Ìyá fi yan gàrí fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ìka rẹ̀ kò sì kan irin. Àmọ́ nígbà tí mo di ọwọ́ igi náà mú ní ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó wúwo, ó sì rin. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀ sínú agbada ṣì ní omi lára, iná á sọ omi yẹn di ooru tó ń fẹ́ lọ sókè, igi sì ń mu ún. Igi gbígbẹ kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn, afẹ́fẹ́ yìí ni kì í jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà kọjá. Tí omi bá wá lé afẹ́fẹ́ kúrò, ooru ti rí afárá nìyẹn.

Ooru náà kò tó èyí tó lè jó mi. Èmi á kàn pààrọ̀ ọwọ́, tàbí kí n fi igi sílẹ̀ díẹ̀ kí n gbọn ìka. Ẹni tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun pààrọ̀ ọwọ́ ńkọ́? Ooru tí kò tó nǹkan, tó bá fìdí kalẹ̀ sójú kan láti àárọ̀ di ọ̀sán, á bó awọ èèyàn. Ohun tí mo ń wá ni igi tí kì í mumi.

Mo sì mọ̀ pé irú igi bẹ́ẹ̀ wà. Wọ́n ti fi hàn wá rí níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣe fún àwa tíṣà iṣẹ́ ọwọ́. Ní ìlú àwọn tí òtútù ń pa, wọ́n máa ń yan pákó kí wọ́n tó fi kan ògiri ilé, kí ooru inú ilé má baà sá jáde. Ẹni tó ń kọ́ wa gbé pákó méjì lé wa lọ́wọ́, èyí tí wọ́n yan àti èyí tí wọn kò yan, láti ara ìtì igi kan náà. Èyí tí wọ́n yan fúyẹ́ ju èkejì lọ. Ó ní ohun tó ń fa omi mọ́ra nínú igi ni iná ti lé lọ, pé láti ìgbà náà lọ, igi yẹn kò ní lè mumi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àti pé ooru á wá máa falẹ̀ nínú rẹ̀ ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún kìlọ̀ fún wa pé kì í lágbára tó ti tẹ́lẹ̀, pé ó lè ṣẹ́ bí a bá fi gbé nǹkan wúwo. Gàrí kò wúwo.

Ilé búrẹ́dì kan wà ládùúgbò wa tó ń lo ààrò ńlá tí wọ́n fi amọ̀ kọ́. Tí wọ́n bá ti kó búrẹ́dì jáde, ooru ṣì máa ń wà nínú ààrò náà fún ìgbà pípẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń lò ó fún nǹkan kan. Mo lọ kúnlẹ̀ kí bàbá tó ni ibẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́.

"Tíṣà," wọ́n ní, "ṣé tíì lẹ máa fi jẹ igi yìí ni àbí ẹ̀wà?"

Gbogbo àwọn tó ń po ìyẹ̀fun fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà mí láyè, Ọlọ́run á san án fún wọn.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá nínú iṣẹ́ yìí. Bí afẹ́fẹ́ bá bá igi níbi ooru, igi á gbaná, ìyẹn gan-an sì ni jíjó. Bí kò bá bá a, igi á kàn máa tú ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo sá igi mi sóòrùn títí ó fi gbẹ, mo wá rì í sínú iyanrìn gbígbẹ nínú àpótí páànù gígùn kan, mo sì fi amọ̀ dí etí ìdérí rẹ̀ yíká. Igi àkọ́kọ́, mo kánjú. Mo ṣí àpótí náà nígbà tó ṣì gbóná fòò, èéfín rú, iná sọ nínú rẹ̀ lójú mi, kí n sì tó da iyanrìn lé e lórí, ó ti di èédú. Mo gbé èédú yẹn délé. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ mi ní ohun tó ń jẹ́ jíjóná rántí pé mo ti jó igi rí, mo mọ bó ṣe ń rí.

Igi kejì, mo ṣe sùúrù. Mo fi í sílẹ̀ títí ààrò fi tutù fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo yọ ọ́, ó ti pọ́n dúdú bí ẹ̀yìn ẹja yíyan, òórùn rẹ̀ fẹ́ jọ ti ṣúgà tí iná rà, ó fúyẹ́, bí mo sì ṣe fi ìka kan án, ó dún gbangba. Mo kán omi sí i lára. Omi náà dúró sójú kan, kò wọlé.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, nítorí náà mo dán an wò. Mo rẹ igi yíyan àti igi lásán sómi di ọjọ́ kejì. Mo wá lẹ òrí wẹ́wẹ́ mọ́ ara àwọn méjèèjì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo ki ìdí wọn bọ iyanrìn gbígbóná, mo sì jókòó tì wọ́n. Òrí ara igi lásán kọ́kọ́ yọ́, ó ń gòkè bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ara igi yíyan, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló yọ́, àwọn tó kù jókòó sáyè wọn bí mo ṣe lẹ̀ wọ́n. Mo fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Èsì tó fi ránṣẹ́ ni pé, "Kí ló kan òrí nínú ọ̀rọ̀ Ìyá?"

Ìyá gba igi náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, kò béèrè nǹkan kan. Ó jókòó, ó fi yan gàrí. Ó fi yan án lọ́sẹ̀ yẹn, ó fi yan án lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, oṣù kan wọlé, òmíràn jáde. Mo ń yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò ní alaalẹ́, kò sí ibi tó pọ́n, kò sí ibi tó lé ròrò. Ẹsẹ̀ àwọn obìnrin tún padà sídìí ààrò. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sinmi, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló dé tí wọ́n ń fi igi tó jóná ṣiṣẹ́?" "Ọmọ wọn tó jẹ́ tíṣà yẹn kò lè bá wọn ra tuntun ni?" "Èédú ò ní re sínú gàrí báyìí?" Mo dá wọn lóhùn. Mo fi aṣọ funfun nu igi náà lójú wọn, mo fi aṣọ náà hàn wọ́n, kò sí àbààwọ́n kankan. Wọ́n á ní àwọn ti rí i, wọ́n á tún yíjú padà, wọ́n á ní ẹ gbé igi tó jóná yẹn fún Ìyá. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Bí ìkà bá ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìkà jà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò burú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí wọ́n má baà ní mo kórìíra rẹ̀. Ó bá ọkọ rẹ̀ wá kí wa, ó ní kí Ìyá jókòó, òun ló máa bá wọn gbé omi ìwẹ̀ kaná. Ó dé ìdí ààrò, igi ìdáná ti ń tán lọ, ó rí igi dúdú kan tó fara ti àtíbàbà. Nígbà tí mo fi máa ti ọjà dé, ọwọ́ igi ìyangàrí Ìyá ló kù tó yọrí síta lábẹ́ ìkòkò omi, ó ń jó wọ̀ọ̀.

"Ta ló ki èyí bọnú iná?" mo béèrè.

Ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí Tíṣà. Àjókù igi ni mo pè é. Mo rí i pé ó ti jóná tẹ́lẹ̀, mo ní ó ti bàjẹ́."

N kò lè bá a jà. Àjókù ni wọ́n ń pe igi tí iná ti jẹ tì, òun náà ni wọ́n sì ń wá tí wọ́n bá fẹ́ dáná kíákíá. Ohun tí èdè kọ́ ọ ló ṣe. Ọkọ rẹ̀ ni mo bá jà, nítorí ńṣe ló dúró lẹ́yìn wa, ó ń wo bí igi náà ṣe ń jó, inú rẹ̀ sì ń dùn pé ẹjọ́ ti dá òun láre.

"O ò rí i?" ó wí. "O rí bó ṣe yára gbaná ju èyí tó kù lọ. Igi tó jẹ́ pé iná ti wà nínú rẹ̀ lo gbé lé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ iná lọ́wọ́."

"Bùọ̀dá mi, kò sí iná nínú rẹ̀. Ó gbẹ ni. Ó lè gbaná, kò lè gbóná."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Gbaná, gbóná: ẹni tó bá ń kánjú kò ní gbọ́ ìyàtọ̀ wọn létí, àmọ́ ọ̀nà wọn jìn síra. Kí igi gbaná ni pé kí òun fúnra rẹ̀ jó. Kí igi gbóná ni pé kí ooru gba inú rẹ̀ kọjá dé ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Igi gbígbẹ yára gbaná, òótọ́ ni, kì í sì í yára gbóná. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ki ọwọ́ igi ìyangàrí bọnú iná. Inú ọwọ́ Ìyá ló ń wà. Irin kì í gbaná láéláé. Kí ẹ wá fọwọ́ kan irin tó ti inú agbada jáde. Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó le ju èyí tó yẹ kí àbúrò fi bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀. Ó ní kí n lọ fi iṣẹ́ tíṣà mi han àwọn ọmọ ilé ìwé.

Nígbà tó tún padà wá láti Òṣogbo, ó gbé irin dání. Ó ti ní kí wẹ́dà kan ṣe é, gígùn, dídán, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bíi ti igi tèmi, ó sì fi aṣọ wé ibi tí ọwọ́ máa dì mú.

"Èyí ò lè jó," ó wí, ó sì gbé e lé Ìyá lórí ẹsẹ̀.

Mo ní, "Á gbóná, sà."

"O ti tún bẹ̀rẹ̀."

Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣàdúrà fún un. Mo sáré gbẹ́ igi mìíràn, mo sá a sóòrùn kó lè gbẹ kí n tó gbé e lọ sí ilé búrẹ́dì. Àkókò ìdánwò ló bọ́ sí, ilé ìwé kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Igi náà kò tíì gbẹ tán tí obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa fi pè mí lórí fóònù.

Ìyá ti yan gàrí láti àárọ̀. Aṣọ tí wọ́n wé mọ́ irin náà ti mu ooru ẹ̀gẹ́ títí ó fi rin gbingbin. Nígbà tó tó àkókò ìrun Alásárì, ó bu omi láti ṣe àlùwàlá. Ó fi ọwọ́ òsì fọ ọwọ́ ọ̀tún, ohun kan yọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó rò pé ègé ẹ̀gẹ́ ló lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́, ó fẹ́ ha á dànù. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni. Obìnrin tó pè mí ló rí i, òun ló sì kígbe. Ìyá ń wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíì.

Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn nínú kẹ̀kẹ́. Ohun tó wà lẹ́nu mi lójú ọ̀nà kò ṣeé sọ sétí ìyá ẹni nípa ọmọ rẹ̀. Wọ́n fọ egbò náà, wọ́n dì í, wọ́n ní ká máa padà wá. Ní ọjọ́ kan tí a ti ibẹ̀ dé, a bá ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú lébírà kan, ààrò Ìyá sì ti di òkìtì amọ̀ nílẹ̀. Wọ́n ti gbé agbada dojú dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lébírà náà kí wa, ó gbé ṣọ́bìrì rẹ̀, ó sì yára wá ọ̀nà ilé lọ.

"Mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi wí fún mi. "Mo ní bí ọwọ́ Ìyá bá tún bó."

"Irin yín ló bó o," mo dáhùn. "Oṣù mélòó ni wọ́n fi lo igi mi tí ìka wọn kò lé ròrò rí? Irin tí ẹ gbé wá láti Òṣogbo, tí mo sọ fún yín pé á gbóná, òun ló bó wọn lọ́wọ́, ààrò lẹ wá ń fìyà jẹ."

"Igi tìrẹ náà jó. Ìṣojú gbogbo wa ló ti jó."

"Ẹ̀yin lẹ dáná sun ún."

"Kò sí ẹni tó fẹ́ràn obìnrin yìí jù mí lọ nílé yìí, kó o gbọ́ dáadáa."

"Ẹ fẹ́ràn wọn, ẹ sì wó ilé lé wọn lórí."

Báyìí la ṣe dúró tí à ń pariwo mọ́ ara wa, àwa méjèèjì tí a ti dàgbà tó báyìí. Ìyá ti wá ibì kan jókòó sí lórí agbada tó dojú délẹ̀. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì lé itan. Ó ń wo amọ̀ náà.

"Ẹ dákẹ́," ó wí.

Kò pariwo. A dákẹ́.

"Ọwọ́ mi ló kú. Etí mi ò kú. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, orí mi lẹ̀yin méjèèjì ń gbà sọ̀rọ̀ sí ara yín." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìwọ, o ní n ò gbọ́dọ̀ yan gàrí mọ́, o ò bi mí. O gbé irin wá, o ò bi mí. O wó ààrò tí mo fi tọ́ ẹ dàgbà, mo wà nílé ìwòsàn, o ò lè dúró kí n dé kó o bi mí."

Mo rò pé Ìyá ti ń bá mi gbẹ̀san, mo tiẹ̀ ti ń mi orí. Ó yíjú sí èmi náà.

"Ìwọ, igi rẹ dáa. Kò bó mi. Ṣùgbọ́n ó gùn jù. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lò ó ni èjìká ti ń ro mí tí n kì í sùn. O ń yẹ ọwọ́ mi wò lálaalẹ́, ọjọ́ kan báyìí, o ò bi mí."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ìyá. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kí lẹ wá fẹ́ báyìí, Ìyá?"

"Mo fẹ́ yan gàrí," ó wí. "Ojú mi á máa ṣọ́ ọwọ́ mi. Bọ́ bàtà bánkì yẹn, kó o lọ pọnmi wá, ká po amọ̀."